Dọ́là 10 fún òǹtẹ̀, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀

Ẹ wá jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àǹtí mi lọ́wọ́ ní Houston, láti orí bẹ́ẹ̀dì mi n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ó kan ọba Róòmù kan tó ní òun máa pa ẹni tó bá fowó lé ọjà, ó kan obìnrin kan tí kò mọ̀wé ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, ó sì kan àwọn bàbá wa tó máa ń gbé tábìlì síwájú kóòtù. Ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ máa so pọ̀.

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, nótárì ni wọ́n. Kì í ṣe irú èyí tó ń jókòó sí ọ́fíìsì kí èèyàn wá bá a o. Àwọn gan-an ni wọ́n ń lọ bá oníbàárà: nílé, ní ọsibítù, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbikíbi tí wọ́n bá ti pè wọ́n. Ẹni tó ń ta ilé, ẹni tó fẹ́ kí àbúrò òun máa bá òun gbowó ní báńkì, ìyá tó fẹ́ mú ọmọ rìnrìn-àjò tí bàbá ọmọ ò sì ní bá wọn lọ, gbogbo wọn ló nílò ẹnì kan tí ìjọba mọ̀, tó máa wo ojú wọn, wo káàdì ìdánimọ̀ wọn, rí wọn bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé, kó tó wá lu òǹtẹ̀ sí i. Nótárì ò sọ pé ohun tó wà nínú ìwé jẹ́ òótọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni yìí gan-an ló wá síwájú òun, òun mọ̀ pé òun ni, ó sì gbà pé òun lòun buwọ́ lù ú.

Èmi ni mo ń bá wọn dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú n'Íbàdàn, ọ̀sán ṣì ni ní Houston, àǹtí á wà lórí títì, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa tẹ fóònù nídìí ọkọ̀. Wọ́n ń fún mi ní nǹkan lóṣù. Òun ni mo fi ń ra dátà tí mo fi ń ṣe fídíò fún yín, torí náà ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan kọ̀wé sí wa. Èló ni? Owó lọ́wọ́ lòun máa san o, òun ò ní fi ránṣẹ́. Mo ṣírò ẹ̀: òǹtẹ̀ kan, ogójì ìṣẹ́jú lọ, ogójì ìṣẹ́jú bọ̀, epo ọkọ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Nótárì, dọ́là 60." Ó ní kò burú.

Àǹtí dé ọ̀hún, wọ́n ṣiṣẹ́ tán. Ọkùnrin náà ka owó, ogún, ogún, ogún, ó tò ó sórí tábìlì. Ó wá gbé fóònù rẹ̀ sókè sí wọn. Ó ní, "Mà, dọ́là 10 ni òfin Texas ní kí ẹ gbà fún òǹtẹ̀. Ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ kọ ọ́ síbí pé nótárì, dọ́là 60. Kí la wá fẹ́ pe ìyẹn?"

Àǹtí mi dá gbogbo owó náà padà fún un, títí kan 10 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n pè mí, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan tí o kọ yẹn lè gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi." Ìbá sàn ká ní wọ́n pariwo.

Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn ò purọ́. Láti oṣù September 2023, dọ́là 10 ni iye tó pọ̀ jù tí nótárì lè gbà ní Texas fún ìbuwọ́lùwé àkọ́kọ́, dọ́là 1 sì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e lórí ìwé kan náà. Dọ́là 6 ni tẹ́lẹ̀. Ní California, 15 ni. Ní New York, níbi tí búrẹ́dì kan ti ń gbówó lọ́wọ́ èèyàn, dọ́là 2 péré ni! Tí nótárì Texas bá sì gbà ju iye òfin lọ, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lè béèrè ìlọ́po mẹ́rin àlékún náà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 50 lọ́nà mẹ́rin. Dọ́là 200, nítorí pé mo pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan.

Torí owó ọkọ̀ kì í ṣe owó òǹtẹ̀. Àdéhùn láàárín nótárì àti oníbàárà ni, òun sì ni nótárì alárìnká fi ń jẹun. Ká ní mo kọ "òǹtẹ̀ 10, owó ọkọ̀ 50" ni, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Èmi ò ní parọ́ fún yín, inú bí mi. Dọ́là 10? Ẹni tó ń di irun ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìjọba tó ń bá a dá iye sí i. Ta ló kọ́kọ́ jókòó tó ní òun máa fi iye sórí ẹni tó ń jẹ́rìí sí ìwé? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ẹ mọ̀ mí, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ìdájí.

Ó di ọdún 301. Ọba Róòmù ìgbà yẹn ni Diocletian. Gbogbo nǹkan ti wọ́n gógó, owó ẹyọ wọn ti di yẹpẹrẹ, ló bá gbé òfin jáde tó fi iye sórí ohun tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ẹran, bàtà, aṣọ, owó agbẹ́kalẹ̀, owó olùkọ́. Ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀, ikú ni. Kì í ṣe owó ìtanràn o. Ikú.

Inú àkọsílẹ̀ yẹn ni mo ti rí bàbá ńlá iṣẹ́ àǹtí mi. Wọ́n ń pè é ní tabellio: akọ̀wé tó ń bá ará ìlú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé àdéhùn, tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Iye tí ọba fún un: dínárì 10 fún ọgọ́rùn-ún ìlà. Alágbàṣe oko, 25 lójúmọ́, oúnjẹ lọ́tọ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé akọ̀wé máa kọ 250 ìlà kó tó rí iye tí ẹni tó ń roko rí lójúmọ́, ẹni tó ń roko á sì tún jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́wàá nígbà náà, mẹ́wàá nísinsìnyí. Mo rẹ́rìn-ín títí màmá mi fi kan ilẹ̀kùn.

Òfin náà ò kúkú dúró. Àwọn ọlọ́jà kó ọjà pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò kan wà níbẹ̀ tí kò kú, ó sì pẹ́ kó tó yé mi.

Ẹni tó ń ta bàtà, tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, o kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ẹni tó ń jẹ́rìí sí ìwé ńkọ́, kí gan-an ló ń tà? Tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá mówó wá jù ni òǹtẹ̀ máa dá lóhùn, ta ló máa mówó wá jù? Kì í ṣe ìyá tó fẹ́ mú ọmọ rìnrìn-àjò. Ẹni tí wàyó wà nínú ìwé rẹ̀ ni. Òun nìkan ni ìwé yẹn máa sanwó fún tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè san ẹgbẹ̀rún kan dọ́là fún òǹtẹ̀ tí ẹlòmíràn ń san 10 fún. Torí náà, iye kékeré tí gbogbo èèyàn mọ̀ yẹn, ìdábùú ni. Tí owó tó wà lórí tábìlì bá ti ju iye yẹn lọ, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n fẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ọdún 537, ní Constantinople, ìlú tí wọ́n ń pè ní Istanbul lónìí. Eléyìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà.

Lásìkò yẹn, àwọn tabellio ní ìsọ̀ ní gbangba ọjà. O máa lọ bá wọn, wàá sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́, àwọn ẹlẹ́rìí á buwọ́ lù ú, wàá sanwó. Ẹjọ́ kan wá délé ẹjọ́. Ìwé kan wà tó jẹ́ ti obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Obìnrin náà ní òun ò sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n pe akọ̀wé. Ó ní lóòótọ́, ọwọ́ òun ló parí ìwé náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ lobìnrin náà bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ni. Wọ́n ní kó mú ọmọ iṣẹ́ náà wá. Ọmọ iṣẹ́ dà? Wọn ò rí i.

Ẹ rò ó wò. Obìnrin kan tí kò lè ka ìwé, ìwé kan tó ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, òǹtẹ̀ ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Ọba Justinian bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ṣòfin: akọ̀wé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún un, kó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ìwé náà bá parí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó máa pàdánù ìsọ̀ rẹ̀. Ohun tí àǹtí mi ń lọ wakọ̀ ogójì ìṣẹ́jú fún gan-an nìyẹn. Kì í ṣe òǹtẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ. Ojú wọn ni wọ́n ń gbé lọ.

Kí n yára kọjá apá Yúróòpù, kí ẹ má baà sùn. Ní Genoa, ní ilẹ̀ Ítálì, ìwé àkọsílẹ̀ nótárì kan tó ń jẹ́ Giovanni Scriba ṣì wà títí dòní, láti 1154 sí 1164. Kì í ṣe inú ọ́fíìsì làwọn nótárì ìlú yẹn jókòó sí o, wọ́n máa ń kọ ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ sínú ìwé: abẹ́ òrùlé ilé lágbájá, iwájú ìsọ̀ tàmẹ̀dò. Ẹ rí i pé alárìnká kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ Póòpù ni àṣẹ nótárì ti ń wá tẹ́lẹ̀, títí di 1533 tí Henry kẹjọ gbé e fún bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Àwọn tó kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ náà dání. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn níbẹ̀ ni Thomas Fugill, ní New Haven, 1639. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí wọ́n fi yọ ọ́, torí ó yí àkọsílẹ̀ padà. Ìbẹ̀rẹ̀ rere, àbí?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé.

Ní 1914, nígbà tí Lugard tún ètò ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ṣe, ó sọ pé agbẹjọ́rò kankan ò gbọ́dọ̀ yọjú sí àwọn kóòtù tí wọ́n ń pè ní Provincial Court. Títí di 1933 ni nǹkan rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè mú ọ, wọ́n lè gba ilẹ̀ rẹ, agbẹjọ́rò ò sì lè dìde sọ̀rọ̀ fún ọ. Kí ni ìwọ tí o ò mọ̀wé máa wá ṣe? O máa wá ẹni tó lè kọ ìwé sí òyìnbó.

Ibẹ̀ ni àwọn lẹ́tà ráítà ti rọ́wọ́ mú. Tábìlì kan, àga méjì, ínkì, lẹ́yìn náà táípúráítà, níwájú kóòtù tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́. O máa sọ tẹnu rẹ lédè Yorùbá, bàbá náà á sọ ọ́ di gẹ̀ẹ́sì tó le bí òkúta, wàá ka ṣílè àti kọ́bọ̀ sí i lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ìlú lóore. Bó ṣe jẹ́ pé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò lè ka ohun tó ń sanwó fún, àwọn mìíràn náà kọ ohun tí oníbàárà ò sọ, tàbí kí wọ́n gba owó tó tó ra ewúrẹ́ fún ìwé tí kò dé ibì kankan.

Ìjọba amúnisìn wá ṣòfin láti dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé, ó sì wà nínú ìwé òfin àwọn ìpínlẹ̀ wa dòní. Ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ náà síbẹ̀. Tó bá ti kọ ọ́, ó ti ń sọ pé onítọ̀hún ló rán òun níṣẹ́, pé ohun tó rán òun ni òun kọ, àti pé òun kà á fún un, ó sì yé e. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń fi òfin yìí ja ẹjọ́ ilẹ̀. Ní Gold Coast, tó di Ghana, òfin tiwọn, ti 1912, tún fi owó sí i: akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ iye tó gbà sórí ìwé náà gan-an, kó fún oníbàárà ní rìsíìtì, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ìwé ilẹ̀ ìdílé wa kan wà nínú àpótí màmá mi. Ìtẹ̀ka ìyá wọn wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ínkì búlúù, ìka náà tóbi, ẹ máa mọ̀ pé ìka ẹni tó ń fọ́ èkùrọ́ ni. Lábẹ́ ẹ̀ ni bàbá akọ̀wé náà kọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, pé òun ka gbogbo ẹ̀ fún màmá náà lédè Yorùbá. Àìmọye ìgbà ni mo ti rí ìwé yẹn, mi ò kà á sí. Lẹ́yìn tí mo ka ti obìnrin Constantinople yẹn tán, mo lọ ṣí àpótí náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìlà mẹ́ta yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé ìyá àgbà ò mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ka sí. Tí ẹ bá sì rò pé ìtẹ̀ka jẹ́ ti ayé àtijọ́, ní California lónìí, ẹni tó bá ń buwọ́ lu ìwé ilé tàbí ìwé tó fi ń yan aṣojú gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò ọ̀tún tẹ ìwé àkọsílẹ̀ nótárì.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn ará wa rú. Nílé níbí, agbẹjọ́rò nìkan ló lè jẹ́ nótárì, adájọ́ àgbà Nàìjíríà ló sì ń yàn wọ́n. Ní Texas, tó o bá ti pé ọdún 18, tó o ń gbé níbẹ̀, tí o ò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá lọ́rùn, tó o sì ra ìwé ìdúró ti dọ́là 10,000, wọ́n lè yàn ọ́ fún ọdún mẹ́rin. Torí náà àwọn oníbàárà Yorùbá ní Houston máa ń pe àǹtí mi ní "Lọ́yà wa". Wọ́n á ní, "Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ máa kó mi sí wàhálà." Òótọ́ ni. Òfin ibẹ̀ ní nótárì tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, tó bá fi èdè mìíràn yàtọ̀ sí gẹ̀ẹ́sì polówó, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kì í ṣe agbẹjọ́rò, òun ò sì lè gbowó fún ìmọ̀ràn lórí òfin. Àwọn ará Mẹ́síkò ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá, torí ní ìlú wọn, ẹni ńlá nínú iṣẹ́ òfin ni notario, àwọn oníjìbìtì sì ń fi orúkọ yẹn gba owó gọbọi lọ́wọ́ àlejò. Ìpolówó Yorùbá tí mo ṣe fún àǹtí, mo ní láti kọ ọ́ sí i ní Yorùbá. Ó gùn ju ìpolówó fúnra ẹ̀ lọ.

Ọmọ Mẹ́síkò kan náà ló sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Efrain Bernal. Ó ti ń gbé Amẹ́ríkà láti 1961, ó ń bá iléeṣẹ́ tó ń ran tálákà lọ́wọ́ ní Texas ṣiṣẹ́. Ní 1978 ó fẹ́ di nótárì, kó lè máa bá àwọn alágbàṣe oko ṣe ìwé wọn. Texas ní rárá, kì í ṣe ọmọ onílùú. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní 1984, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án dá a láre, Thurgood Marshall ló sì kọ ìdájọ́ náà. Nígbà tí àǹtí mi gba òǹtẹ̀ wọn, green card ni wọ́n ní, wọn ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Wọn ò mọ orúkọ ọkùnrin yẹn títí mo fi sọ ọ́ fún wọn.

Bí a ṣe wá ń ṣe é nísinsìnyí rèé, lẹ́yìn ìtìjú tí mo kó bá wọn. Mo máa ń kọ ìlà méjì sí oníbàárà, kì í ṣe ọ̀kan: òǹtẹ̀, iye tó jẹ́, owó ọkọ̀, iye tó jẹ́. Mi ò ní jẹ́ kí àǹtí jáde nílé àfi tó bá kọ "mo gbà" padà. Wọ́n máa ń mú ṣéńjì dání, dọ́là márùn-ún àti ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tí kò rí ṣéńjì gbà á ní kí ẹ máa mú un lọ, ọjọ́ kejì á ní ẹ gbà jù. Tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n fún wọn, wọ́n á fi bírò kan fà á wò bóyá ayédèrú ni, níwájú ẹni tó fún wọn, láìtijú.

Owó ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà, bí wọ́n bá ṣe wọlé. Owó òǹtẹ̀ di ẹ̀yìn iṣẹ́. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ èmi gbà pé òun gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Tí owó ọkọ̀ bá ti wọlé, wọ́n ti sanwó wíwá wọn. Ohun tó kù tí wọ́n lè pàdánù tí wọ́n bá ní "rárá, mi ò ní lu òǹtẹ̀ sí èyí" ò ju dọ́là 10 lọ. Rárá ti wá di ọ̀rọ̀ tí apá wọn ká.

Lẹ́yìn ìyẹn ni rìsíìtì, ìlà méjì lórí òun náà, ẹ̀dà kan fún wa. Òfin Texas ní kí nótárì ní ìwé tó ń kọ owó tó gbà sí, kó sì ní ìwé mìíràn tó ń kọ iṣẹ́ tó ṣe sí. Èyí tó ń kọ iṣẹ́ sí yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ẹ̀dà rẹ̀ tó bá san owó rẹ̀. Àwọn agbowó-orí náà nífẹ̀ẹ́ ìlà méjì wa: owó òǹtẹ̀ kò sí lábẹ́ owó orí tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ bí mo ṣe pa wọ́n pọ̀ máa san jù, tàbí kó san kéré, méjèèjì ò dáa.

Oṣù kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dọ́là 60 yẹn ni ọkùnrin kan kọ̀wé wá, ọmọ Yorùbá, ó kí mi dáadáa. Bàbá òun wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, òun fẹ́ kí bàbá buwọ́ lu ìwé tó máa fún òun láṣẹ láti ta ilé wọn. Alẹ́ yẹn gan-an lòun ń fẹ́ ẹ. Owó lọ́wọ́. Mo kọ ọ́: òǹtẹ̀ 10, owó ọkọ̀ 45. Ó ní òun gbà.

Àǹtí débẹ̀ bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọkùnrin náà ní òun máa san gbogbo ẹ̀ pọ̀ tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n bá gbà, torí alẹ́ ti lẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá, wọ́n béèrè orúkọ wọn. Bàbá pe àǹtí mi ní orúkọ àbúrò rẹ̀ kan, ó ní ṣé wọ́n ti kó àgbàdo wọlé. Àǹtí béèrè ohun tí ìwé náà wà fún. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tún béèrè àgbàdo. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Àgbàdo náà ni.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò ní ṣeé ṣe lálẹ́ òní."

Ọkùnrin náà yọ owó, ọgọ́rùn-ún mẹ́rin, ó tò ó sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì bàbá. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Mo kàn máa di ọwọ́ wọn mú ni."

Àǹtí mi ti àpò wọn pa. Ọkùnrin náà ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ní san owó ọkọ̀. Wọn ò bá a jà. Inú mọ́tò ni wọ́n ti pè mí, aago ń lọ sí mẹ́rin ìdájí lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ni mo fẹ́ kọ, nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan? Wọ́n ní, "Kọ pé a ò ṣe nǹkan kan." Mo kọ ọjọ́, aago, ibẹ̀. Òǹtẹ̀: kò sí. Owó òǹtẹ̀: 0. Owó ọkọ̀: 45, kò san. Dọ́là 45 yẹn dùn mí ju bó ṣe dun àwọn tó wakọ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin kan kọ̀wé sí nọ́ńbà wa. Ó ní òun rí i nínú fóònù ẹ̀gbọ́n òun. Ó béèrè bóyá a lu òǹtẹ̀ sí ìwé kankan fún bàbá àwọn. Mo bi àǹtí. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò ìlà yẹn ránṣẹ́ sí i. Mo fi bébà bo ìlà àwọn oníbàárà yòókù, mo yà á, mo fi ránṣẹ́.

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó wá fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òǹtẹ̀ wà lórí ìwé náà, orúkọ tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ti àǹtí mi, ọjọ́ tó sì wà lórí ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ. Agbẹjọ́rò wọn ti kọ̀wé sí nótárì yẹn pé kó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Títí di alẹ́ òní tí mo ń kọ èyí, kò tíì mú un wá.